Oríkì Alájá Mẹ́rin Tó Mú Ìkarùn-ún Wálé

Alájá! Alájá mẹ́rin! Alájá mẹ́rin tó rí i pé mẹ́rin kò tó!
Bàbá Ìbejì, baba Tanímọ̀la, baba Ìfura, baba Bíngò, baba Ìyálóde!
Ọba tí kò nílùú, tó ní ariwo!
Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ajá, ó gbàgbé ọjọ́ owó ilé-ìwé.
Ó gbọ́ tẹnu ajá kó tó gbọ́ tẹnu aya.
A-rẹran-má-fi-sebẹ̀! A-fi-pálọ̀-tọrẹ!
Mo ní kí n dìde kí n kí ọ lóru yìí, kí gbogbo Àkóbọ̀ lè gbọ́. Wọn kò kúkú tíì sùn.

Ènìyàn kékeré ni í ra ajá kan ṣoṣo kó lè máa ṣọ́lé. Ìwọ kì í ṣe ènìyàn kékeré. O ra èkínní kó ṣọ́ ilé. O ra èkejì kó ṣọ́ èkínní tó ń sùn. Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lọ sí Kánádà ló fà á lé ọ lọ́wọ́, tó ń sunkún, tó sì sáré wọ mọ́tò kí o má baà yí ọkàn padà. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láti títì, ó wo gbogbo yín lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gun àga tó dára jù, ó sùn. Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá jọ ń sùn, ọgbọ́n àgbà sọ sí ọ nínú: ẹ̀karùn-ún ló kù.

Àlọ́ sọ ti ọdẹ kan tó ní ajá mẹ́ta, Òkémọ́kéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Ọ̀kan á gé ọ̀tá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọ̀kan á gbé e mì, ọ̀kan á gbálẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn tìrẹ náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n gé aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n gbé ẹran ọbẹ̀ mì. Ti ilẹ̀ gbígbá nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ, kí òun náà lè ní ìpín nínú ìtàn.

Jẹ́ kí n ti orí àgbà bẹ̀rẹ̀.

Tanímọ̀la! Ajá tí í gbó òṣùpá mọ́jú!
Ewé já, ó gbó. Ẹyẹ fò, ó gbó.
Ọmọ aládùúgbò húkọ́, ó gbó dé ìdájí.
Olè fo ògiri, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àgbà kì í rí gbogbo nǹkan kó máa sọ.
Lóru ọjọ́ tí wọ́n wá tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga rẹ, Tanímọ̀la dìde, ó na ara, ó ń ju ìrù, ó sin wọ́n dé ẹnu géètì, kò padà sẹ́yìn títí mọ́tò wọn fi gbéra. Ọmọlúàbí ajá! Àlejò kì í wá sílé rẹ kó má rí ẹni sin ín sọ́nà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wá ka mítà lọ́sàn-án gangan, tó wọṣọ iṣẹ́, tó kan géètì, tó ní “Ẹ káàsán o”, òun ni Tanímọ̀la fà ní ṣòkòtò ya, tó sì fi eyín kàn nítan. Àwọn àgbà ní a kì í torí gbígbó pa ajá. Wọn kò sọ pé a kò gbọdọ̀ torí àìgbó yìn ín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yìn ín.

Ìfura, ẹ̀yà Jámánì tí Jámánì kò mọ̀!
Max von Stephanitz ló dá ẹ̀yà náà sílẹ̀ ní Jámánì ní 1899, ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Horand ló sì kọ́kọ́ wọ inú ìwé ẹ̀yà ọ̀hún. Ọkùnrin náà kú ní 1936, kò rí Ìfura. Ojú rẹ ló rí i, Alájá. Etí ajá Jámánì a máa dúró ṣánṣán bí ó bá ti ń dàgbà. Ti Ìfura sùn lọ́jọ́ tó dé, ó ṣì ń sùn. O fi téèpù lẹ̀ ẹ́ dúró, ó jẹ téèpù. O ní ìrònú ló wọ̀ ọ́ létí. O san owó Jámánì, o gba ajá Ìwó Road, owó rẹ kò sì jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Olùfẹ́ ìlú! Ìjọba ìbá fún ọ ní oyè, bí wọ́n bá mọ̀.

Bíngò, ikùn-ò-mọ-ọdún! Bíngò, a-jẹ-bàtà-òsì-má-jẹ-tọ̀tún!
Ó jẹ fìlà àna rẹ.
Ó jẹ rìmóòtù, ilé bá ń wo ìkànnì kan ṣoṣo, ìṣọ̀kan dé.
Ó jẹ sálúbàtà wòlíì tó wá gbàdúrà kí olè má wọlé yín mọ́. Wòlíì wọ ẹsẹ̀ kan padà sílé, àdúrà náà sì gbà, nítorí kò sí ohun tí olè lè rí kó mọ́.
Eyín 42 ló wà lẹ́nu ajá tó bá ti dàgbà. Mẹ́rin wọn, 168. Ọmọ ajá tuntun gbé 28 ti èwe wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 196. Eyín 196 nínú ilé kan, Alájá, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì kan olè! Ìlú wo ló ní ọmọ ogun tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu tó báyìí?

Ìyálóde, obìnrin tí kò ní ọkọ kan, tó ní ọkọ púpọ̀!
Bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni abo ajá máa ń wá akọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ilé rẹ máa ń di ààfin. Akọ ajá Àkóbọ̀ dé, akọ ajá Baṣọ̀run dé, akọ ajá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀ dé. Gbogbo wọn á tò sẹ́nu géètì, wọn á máa hu bí ẹni ń kígbe ìdìbò. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kò kún tó bẹ́ẹ̀ rí. O ti ní kí dókítà ẹranko wá fi iṣẹ́ abẹ dá bíbí rẹ̀ dúró, o sì tún ní kó má wá mọ́. O ní o kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Aláàánú! A-ṣàánú-abo-ajá-kó-tó-ṣàánú-ẹni-tó-ń-sùn-lẹ́bàá-fèrèsé!

Wàyí o, Alájá, mo dé orí èyí tó gbé oríkì rẹ ga ju òkè Mápó lọ.

Lẹ́bàá títì lo ti rí i, nínú kéèjì, lábẹ́ oòrùn Ìbàdàn. Ẹni tó ń tà á ní Kọkéṣíà ni. Àwọn baba ńlá ẹ̀yà yẹn ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè Kọkásù níbi tí yìnyín ti í bo ilẹ̀, irun wọn sì nípọn ní ìpele méjì nítorí òtútù. Ènìyàn lásán á béèrè pé kí ni irun ìpele méjì fẹ́ ṣe ní Ìbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà. Ìwọ kì í béèrè ìbéèrè aláìnígbàgbọ́. O wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí gbàgẹ̀dẹ̀-gbagẹdẹ, o ka owó, o gbé e sórí ìjókòó iwájú mọ́tò, o gbé ìyá àgbà sí ẹ̀yìn. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: o wo ilé, ó kún, o sọ ọ́ ní Àlékún.

Ìyàwó rẹ jáde, ó wo ajá, ó wò ọ́.
“Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti sọ pé ẹ ò ní mú òmíràn wá mọ́?”
O dá a lóhùn bí ọba: “Kì í ṣe òmíràn. Àlékún ni.”
Ọ̀rọ̀ parí. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Eṣinṣin ló ń lé.

Àwọn tó mọ ajá dáadáa ní bí tuntun bá fẹ́ wọlé, níta ilé ni kó ti kọ́kọ́ pàdé àwọn àgbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí abọ́ oníkálukú sì wà lọ́tọ̀. Ọgbọ́n àwọn tí kò ní ìgboyà nìyẹn. Ìwọ dúró di àsìkò oúnjẹ, o ti géètì, o gbé abọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀, o sọ Àlékún sáàárín. Ìdàgìrì ńlá! Eruku sọ! Ìfura bu Bíngò jẹ, Bíngò bu abọ́ jẹ, Ìyálóde kó oúnjẹ lọ. Mẹ́gàádì ti dé orí igi máńgòrò kí o tó ṣẹ́jú, mẹ́gàádì tí o gbà kó máa ṣọ́ àwọn ajá tó ń ṣọ́lé. O dúró lórí kọnkéré, o káwọ́ sẹ́yìn, o ní, “Wọ́n ń ṣeré ni.” Mẹ́gàádì ní àmín láti orí igi.

Láti ọjọ́ náà ni fáànù ti kúrò ní yàrá àwọn ìbejì. Àlékún ló ń fẹ́ sí. Bí iná bá lọ, o tan jẹnẹrétọ̀. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ilé ló ti pa tiwọn tì. Tìrẹ ń dún kíkankíkan, nítorí ọmọ òkè Kọkásù kò gbọdọ̀ làágùn. Àwọn ìbejì wá ń ká ẹní wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá kí atẹ́gùn lè kan àwọn náà. A-fi-ooru-so-ìdílé-pọ̀!

Ìkòkò ìrẹsì ọdún ti di ìkòkò ajá. Panla wọ̀ ọ́, orí adìẹ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ màlúù wọ̀ ọ́. Dókítà ẹranko ní àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. O gbọ́, o mi orí, o bu ọbẹ̀ alálùbọ́sà lé e, o ní ajá rẹ kì í jẹ oúnjẹ tí kò ládùn. Ní àgbàlá, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ láìkọ́kọ́ wolẹ̀, bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ́ gbogbo ọmọ rẹ ní ìrẹ̀lẹ̀.

Sùúrù rẹ ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ kí sùúrù rẹ lọ́tọ̀.
Ní 1885 ni wọ́n gún ọmọkùnrin kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí Louis Pasteur ṣe ní Faransé lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ, ọmọ náà kò sì kú. O ní kí wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́, o ṣì ń wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí dìgbòlugi bá mú ènìyàn, ó lè tó 99 nínú 100 tó jẹ́ pé ẹnu ajá ló ti wá, àti pé bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára, ikú ló kù. Jìnnìjìnnì bo ẹlòmíràn, ó gbé ajá rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Ìwọ kó owó abẹ́rẹ́ márùn-ún, o fi ra ọ̀já ọrùn márùn-ún tó ń dán yanran. Ẹni tó wá ka mítà ti lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́sibítù, owó àpò ara rẹ̀ ló fi san án. O ní abẹ́rẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kí ló tún kù?

Alájá, ìwọ lo kọ “Ẹ ṣọ́ra fún ajá” sára géètì, tí o tún pe ayàwòrán padà kó wá fi “àwọn” há a láàárín. Olè kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Aládùúgbò kà á, ó sunkún, ó kó lọ.
A-fi-gbígbó-lé-ayálégbé!
A-sọ-àdúgbò-di-olówó-pọ́ọ́kú!
A-jí-àdúgbò-kí-àkùkọ-tó-jí!

Wọ́n tilẹ̀ ní ikùn Ìyálóde ti yọ. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, ó sì ti rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ta ni baba? Ẹ bi Baṣọ̀run. Bóyá mẹ́fà ni yóò bí, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, o sì ti ń pín wọn fún àwa aládùúgbò lórúkọ lórúkọ kí wọ́n tó dé. Alága ẹgbẹ́ onílé ti rántí pé òun ní oko ní Ìsẹ́yìn tí òun kò tíì bẹ̀ wò. Ìyá oníbúrẹ́dì ní ìmí òun kì í bá irun ajá ṣe. Èmi tí mò ń kí ọ yìí, yàrá kan ni mo ní, ìwọ náà mọ̀. Má jẹ́ kí ó ká ọ lára, Alájá. Mú gbogbo wọn sọ́dọ̀. Ààyè ṣì wà ní pálọ̀, àga kan ṣì kù níbẹ̀ tí wọn kò tíì jẹ.