Ihò Nínú Ìbọn
Àwọn àgbà oníbọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ revolver tuntun sétí. Láti bíi 2001 ni Smith & Wesson ti ń lu ihò kọ́kọ́rọ́ bíńtín sára púpọ̀ nínú tirẹ̀; ihò tí kò gba ọmọ ìka, síbẹ̀ wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ òfo náà títí dòní. Colt Python tó jáde ní 1955 ni wọ́n fi ń búra: irin aláwọ̀ aró tí àgbà oníṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dán. Ẹ wáá wo èyí tí bàbá kì bọ àpò lọ sọ́jà. Python, ejò náà, ká jẹ́ẹ́ sínú séèfù; ó wúwo, kò sì gbọdọ̀ ha. Ìbọn alumíníọ́mù oníhò tí wọ́n bú láàárọ̀ ló ń bá wọn ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́. Olè tó bá ń wá ojúlówó, kó yáa lọ bá wọn nílé.