Láptọ́ọ̀pù Ìyá Ìbejì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn mi ò gbọdọ̀ dé yàrá kejì. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa láptọ́ọ̀pù Ìyá Ìbejì tó ń dákú? Tòkunbọ̀ ni, Computer Village n'Ìkẹjà ni wọ́n ti rà á. Ẹni tó tà á búra pé kò lábùkù kankan. Irú ìbúra yẹn náà ni wọ́n fi ta fíríìjì fún mi. Aṣọ ni mò ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ á fi ti fíríìjì sílẹ̀.

Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tẹ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó aṣọ ẹbí (ìyàwó lańlọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o), àfi gbàà! Ojú kọ̀ǹpútà ti di búlúù, ojú ẹni tó fajú ro ti yọ síbẹ̀, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á tún tan. Ìyá Ìbejì ní iṣẹ́ orogún ni, pé ìgbà tí ìyàwó kékeré wọlé ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi kọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin ọdún 1998, ojú búlúù yìí kan náà yọ sí Bill Gates níbi ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, níwájú ọ̀pọ̀ èrò, níbi tí wọ́n ti ń fi Windows 98 han aráyé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà skánà bọ kọ̀ǹpútà wọn ni. Ṣé ìyàwó kékeré náà ló dé Chicago?

Injiníà òpópónà wa ńkọ́? Oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀: fọ́ọ́màtì. Á gbowó, á nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kúrò, á tún Windows tò sí i. Kò ní pẹ́ tí ojú búlúù á tún padà dé, òun náà á tún gbowó.

Kọ́pà tó ń gbé lókè ló tú àṣírí. Ó ní iyọ̀ lòun wá tọrọ, àmọ́ àbúrò Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ó bi wọ́n pé, "Mà, kí ló kọ sísàlẹ̀?" Ẹnikẹ́ni ò kà á rí! Nígbà tí ojú búlúù tún yọ, ó fi fóònù yà á: MEMORY_MANAGEMENT. Ó kọ́kọ́ kó fáìlì wọn sínú fláàṣì, ó wá tẹ mdsched, àyẹ̀wò RAM tí Windows fúnra rẹ̀ ní. Àbùkù yọ. RAM ni kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bó bá bàjẹ́, ó dà bí ẹni tí ẹ fi iyọ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ tó wá kó ṣúgà fún yín. Windows á fura, á dá iṣẹ́ dúró kí fáìlì má baà bàjẹ́. Fọ́ọ́màtì ò lè wo ìyẹn sàn láéláé.

Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ ṣájà àti bátìrì, ó tú ìdí rẹ̀. Eruku tó wà lára fáànù tó gbin ẹ̀fọ́. RAM méjì ló wà níbẹ̀. Ó fi kílínà àwọn ìbejì nu eyín wọn, ó ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lò. Ọ̀kan ṣiṣẹ́ dáadáa, èkejì tún mú ojú búlúù jáde. Ó jù ú nù. Láptọ́ọ̀pù ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò dákú mọ́. Kọ́pà sì ń wá tọrọ iyọ̀ lójoojúmọ́.

Nínú Windows 11, láti ọdún 2025, dúdú ni ojú ọ̀hún, kì í ṣe búlúù mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á kí ẹ tó fún injiníà kankan ní kọ́bọ̀.