Ṣòkòtò Ti Dé Sókótó

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ohun tó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò ò ju obì, aáṣáà àti kọ́bọ̀ mélòó kan lọ. Ayé ti yí. Fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, inú fóònù ọ̀hún sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá mọ́tò tó dúró níwájú rẹ̀.

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì kan l'Ékòó. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ ṣe áàpù kan." Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ní mọ́tò yóò kọ ibi tó ń lọ síbẹ̀, èyí tí kò ní yóò rí i, wọn yóò jọ lọ, wọn yóò sì jọ dá owó epo. Mo ní, "Àwọn tí ò mọra wọn rí, wọ́n jọ wọ mọ́tò kan, oníkálukú san tiẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Dáńfó ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti kú. "Kò lè tètè yé yín, bọ̀ọ̀dá mi. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe l'Amẹ́ríkà ni."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Logan Green, ọmọ California, ló rìnrìn àjò lọ sí Zimbabwe, tó rí bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń há mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní kómbì. Ẹnu yà á. Nílùú tiẹ̀, mọ́tò tó lè gba èèyàn márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní 2007, òun àti John Zimmer dá Zimride sílẹ̀, kí àwọn èèyàn lè jọ máa wọ mọ́tò kan náà, ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Facebook ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lè mọ irú ẹni tó fẹ́ gbé òun. Àwọn kan rò pé orúkọ Zimmer ló wà nínú Zimride. Rárá o, Zimbabwe ni. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà bí Lyft, áàpù tí wọ́n fi ń pe mọ́tò. Ọdún kejì, wọ́n ta Zimride fún Enterprise, àwọn tó ń yáni ní mọ́tò.

Ẹ gbọ́ ná. Òyìnbó wá nǹkan wá sí Áfíríkà, inú ṣòkòtò wa ló ti bá a. Ó gbé e lọ, ó lẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn, àwa náà wá ń fi dátà rà á padà.

Mi ò ní kò sí ọgbọ́n níbẹ̀ o. Àga tó ṣófo ni àrùn tiwọn, oògùn tí wọ́n sì pò bá a mu. Dáńfó tiwa, níbi tí kọ́ńdọ́ fúnra rẹ̀ ti ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, àga wo ló ṣófo níbẹ̀?

Áàpù dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wọ̀ ọ́, gbogbo wọn ló sì ń wá ẹni tó máa gbé wọn. Mọ́tò méjì péré ló forúkọ sílẹ̀: ọ̀kan ti wà lórí òkúta látèṣí, èkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbọ́ sí i.

Mo lọ kí ọmọ náà nílé-ìwé. Nígbà tí à ń bọ̀, a dúró sínú oòrùn, ó ń tẹ fóònù, nǹkan róbótó kan ń yí lójú rẹ̀. "Ó ń wá awakọ̀." Dáńfó kan já dé. "Ọ̀ṣódì! Ó ku ẹni méjì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Mo fà á wọlé. Mẹ́rin-mẹ́rin la jókòó, ìgbòǹwọ́ ìyá kan wà níhà mi títí a fi débẹ̀.

Kọ́ńdọ́ yẹn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó mọ ẹni tó san ẹgbẹ̀rún kan, ó mọ ẹni tó ń sọ̀ ní bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù tó kàn, ó mọ alágídí tó dọ́gbọ́n pé òun ti san. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún náírà tiwa lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku igba náírà ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó lẹ́yìn. Ó yọ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹyọ kan, ó kì í bọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

"Ìwọ àti sìsítà yẹn, mo ti so yín pọ̀!"

Àwọn méjèèjì jọ wá ṣéńjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta píọ́-wọ́tà. Ibẹ̀ lọmọ wa ti fi fóònù rẹ̀ han ọmọbìnrin náà, tó ń ṣàlàyé áàpù fún un.

"Kí ló wá ń ṣe gan-an?"

"Ó máa ń so àwọn tó ń lọ síbi kan náà pọ̀."

Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn wo dáńfó tó ń lọ. "Bíi ti kọ́ńdọ́ yẹn?"