A Ra Tiransifọ́mà, A Fi Ta Olówó Lọ́rẹ

Ẹ bá mi kí àdúgbò wa kú oríire: a ti ra tiransifọ́mà tuntun. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà, mi ò sì ní dárúkọ ìlú tó wà, torí mo ṣì fẹ́ kí ìwọ̀nba iná tí à ń rí máa tàn.

Ọdún 1983 ni wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ wá. Ọdún ìbò ni. Ẹ̀yin àgbà ò ní í ṣàì rántí. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ ní ojúlé mọ́kàndínlógún péré ló wà ládùúgbò nígbà náà, iṣẹ́ iná nínú ilé kò sì ju gílóòbù, fáànù àti rédíò lọ. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, ilé rẹ̀ ni gbogbo ọmọdé ti ń sùn. 300 kVA ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba iná 11,000 fóòlù lórí wáyà òkè, kó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí 415, kó tó wọlé tọ̀ wá. Ó ń ṣe é, ó ń kùn bí oyin, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ara rẹ̀ le.

Lónìí, ojúlé ti lé ní ọgọ́rin. Ilé wo ni kò ní fírísà? Ilé wo ni kò ní ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́ọ̀hóòlù? Wẹ́dà méjì wà lójú títì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fi iná kan irin báyìí, gílóòbù gbogbo wa á ṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá fún ogún ilé ni gbogbo wa gùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kú, torí ikú rẹ̀ kì í ṣe ikú òjijì. Fésì mẹ́ta ni tiransifọ́mà máa ń pín iná sí, pupa, yẹ́lò àti búlúù, kí ẹrù má baà wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ládùúgbò wa, ẹyọ fésì kan ló máa ń dára lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá dé lálẹ́, tí ti pupa jẹ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì, tí gílóòbù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn, a ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn káàkiri. Oníkálukú á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, á yọ fíúsì rẹ̀ lójú pupa, á kì í bọ ojú búlúù. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, gbogbo àdúgbò ti ṣí lọ sórí búlúù. Búlúù náà á wá kú.

A ó dáwó fún àwọn tó ń gun òpó. Wọ́n á wá, ṣùgbọ́n wọn ò ní í fi fíúsì gidi sí i. Wáyà bàbà ni wọ́n á lọ́ pọ̀ tí á nípọn tó ìka àárín, wọ́n á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, èyí ò lè jó mọ́." Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n dá fíúsì sáyé kó lè jó kí tiransifọ́mà má jó. Nígbà tí fíúsì kọ̀ tí kò jó mọ́, ta ló kù?

Òróró tó ń mú ara ẹ̀rọ náà tutù ti ń jò láti bí ọdún méjì. Ẹnì kan gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé nítorí kí òróró má baà ba ilẹ̀ jẹ́ ni. Àkàrà oríta wa kàn ṣàdédé gba adùn tuntun lásìkò náà ni, mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.

Lóru ọjọ́ Ẹtì kan, ó dún gbàù! Ojú ọ̀run di búlúù. Ajá gbó, àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń ké Allāhu Akbar, ọmọ mi kékeré sì fò sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ọ́ọ̀pù NEPA!"

NEPA tó ń pè yẹn ti kú kí wọ́n tó bí i. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ látara ECN tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó di 2005, wọ́n ní PHCN ló ń jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ọ̀nà 11, oníkálukú gbé orúkọ tirẹ̀ kọ́. Látìgbà tí ẹ̀rọ wa ti dé, olówó rẹ̀ ti pa orúkọ dà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ náà kò pààrọ̀ ohunkóhun.

Àwa márùn-ún la lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ kúnlẹ̀ kí Bàbá Alága àdúgbò wa, ó fún wa ní omi inú ọ̀rá. Ó ní tiransifọ́mà wa ti wà nínú ètò, àmọ́ àwọn tó ṣíwájú wa pọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, tẹ́ ẹ bá lè ran ara yín lọ́wọ́, ó máa yá."

A ran ara wa lọ́wọ́. Abẹ́ igi máńgòrò la ti pàdé ní ọjọ́ Àìkú mẹ́fà léraléra. Lánlọ́ọ̀dù ní iye tirẹ̀, ayálégbé ní tirẹ̀, wẹ́dà san ìlọ́po méjì. Ayálégbé kan béèrè pé bí òun bá kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé òun lè gé ìdá tòun dání. Alága ní kó jókòó. (Mo ti ronú sí ìbéèrè ọmọ yẹn láti ìgbà náà, n ò sì tíì rí ohun tó burú níbẹ̀.) Olóṣèlú kan fi òpó igi méjì ta wá lọ́rẹ, ó kun orúkọ ara rẹ̀ sára méjèèjì. Àwa tá a ra tiransifọ́mà, 500 kVA, tuntun nínú ọ̀rá, kò sí orúkọ wa lára rẹ̀ níbì kankan.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, a yá àga, a se ìrẹsì. Ọ̀gá gé ríbọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé iná sí i, ìwé kan yọ jáde: pé àwa ará àdúgbò, láìsí ipá láìsí túláàsì, yọ̀ǹda ẹ̀rọ yìí fún ilé-iṣẹ́, ó sì di tiwọn títí láé. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, iná ò ní dé. A fọwọ́ sí i.

Yorùbá ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwa la ra ẹrù, wọ́n gba ẹrù. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wá ẹrú inú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo ẹni tó lọ jẹun nílé olóúnjẹ. Ó ra ìkòkò fún un, ó ra igi ìdáná, ó ra àwo. Olóúnjẹ wá bu ìrẹsì fún un, ó gba owó ìrẹsì, ó gba owó àwo mọ́ ọn. Bí ó ti rí fún wa gan-an nìyẹn. Bílù oṣù àkọ́kọ́ dé. Àwa tí a kò tíì ní mítà, ṣe ni wọ́n fojú bù ú fún wa, wọ́n sì bù ú dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tuntun yìí lè gbé wa dé Bándì A láìpẹ́. Ẹ ò gbàgbé Bándì A: oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó rẹ̀ látorí nǹkan bíi náírà 68 dé 225 fún yúníìtì kan, fún àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Ẹ̀bùn tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ ló fẹ́ sọ wá di ẹni tó máa san ju ti tẹ́lẹ̀.

Mo dá a lábàá nípàdé pé kí àwa náà kọ bílù sí wọn: owó ìyálò tiransifọ́mà, lóṣooṣù, ká fojú bù ú. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ dáadáa, a gbé e lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó gbà á ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dun èmi jù ni pé àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà. Bí àdúgbò bá sì fẹ́ rà á, kí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ tọwọ́ bọ ìwé ṣáájú, níbi tí wọ́n á ti kọ bí owó náà ṣe máa padà sọ́wọ́ ẹni tó ná an. Ìwé àdéhùn nìyẹn, kì í ṣe ìwé ọrẹ. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wa. Bí ìrẹsì ṣe máa tó ló gbà wá lọ́kàn.

Bí wọ́n bá ń pe ìpàdé tiransifọ́mà ládùúgbò tiyín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ìwé àdéhùn kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ìwé ọrẹ wa ní ẹlẹ́rìí méjì, èmi ni ìkejì.