Dádì Wa Ní Ọ́fíìsì

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń pe ọ̀gá wa yìí ní ọ̀gá. Dádì ni. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ni o, ipele 16 ni bàbá wà, ṣùgbọ́n tó o bá wọlé láàárọ̀, agboolé lo máa rò pé o yà sí. Mẹ́séńjà á dọ̀bálẹ̀, akọ̀wé á kúnlẹ̀, Dádì á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹbí kan náà ni gbogbo wa."

Ọ̀rọ̀ ẹbí yìí ló fi ń jẹun. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn fúnra rẹ̀, àfi lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà. Dádì kò há ibòmíràn sórí nínú ìwé náà. Agbaṣẹ́ṣe tó gbé àpò ìrẹsì wá, àbúrò ni. Èyí tó fa àgbò wá nígbà Iléyá, ọmọ ìyá ni. Ẹ má bi mí pé ìyá wo.

Ti àwọn obìnrin ló wá le. "Ìyàwó mi" ni gbogbo wọn ń jẹ́, látorí akọ̀wé àgbà dórí kọ́pà tó dé lánàá. Kọ́pà na fáìlì sí i, ọwọ́ ni Dádì gbà, fáìlì já bọ́. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀: "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ nílé ṣá?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà wà ńbẹ̀. Ọwọ́ òsì lọmọ ọlọ́mọ fi ń ṣa bébà nílẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ọba ka fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ẹni lẹ́nu mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Dádì mọ̀. Òun ló ka ibẹ̀ fún wa nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó ní àwọn òyìnbó ló ń ṣerú ẹ̀.

Ìgbà tí bọ̀dá kan ní àkáǹtì àti sístà tó ń tẹ̀wé wá fẹ́ra wọn lóòótọ́, tí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, Dádì gbaná jẹ. Kúẹ́rì ló kọ sí àwọn méjèèjì: ìwà tí kò yẹ òṣìṣẹ́ ọba. A bẹ̀ ẹ́ títí, a ní ọmọ rẹ̀ ṣáà ni wọ́n. Ó rọ̀. Òun náà ló ṣe alága lọ́jọ́ ìnáwó. Ó la apá méjèèjì kí ìyàwó wá di mọ́ òun. Ìyàwó kúnlẹ̀ lókèèrè, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà, sístà yìí nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba lẹ́tà ìgbéga. Fáìlì tiẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì Dádì.