Kábíyèsí Rọ́bà Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ pa rédíò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ, kí onílù dẹwọ́ ná. Ọba kan ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ kò sì ju "ṣíì" lọ.

Họ́ọ̀sì ọmọ Rọ́bà!
Adúdú-má-dán, tí kò gùn tó ìka ọwọ́,
tó ń mú ọkọ̀ tó wúwo ju kílò 1,000 lọ gbọ̀n jìnnìjìnnì.
A-yọ-má-jábọ́,
tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò kúrò níbi iṣẹ́.
A-sọ̀rọ̀-wúyẹ́-tú-àpò,
onímọ́tò ń gbọ́, ó ní fáànù ni.
Ìwọ sinmi, ọjà Ládípọ̀ ń pawó.

Ta ló tó ọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ká mú Camry tòkunbọ̀ ọdún 2005, onípísítìn mẹ́rin, tó wà lójú sìló. Písítìn ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fa èémí. Awakọ̀ kò tẹná, nítorí náà ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, òùngbẹ afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ mánífóòlù. Fi gééjì sí i, bí ara ẹ́ńjìnnì bá dá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sáàárín ínǹṣì 18 sí 22 ti mẹ́kúrì. Fífà yẹn ni oúnjẹ àwọn ìjòyè. Búsítà búrẹ́èkì ń jẹ níbẹ̀. Fáàfù tó ń fa ooru bẹntiróòlù kúrò nínú táǹkì ń jẹ níbẹ̀. Kódà Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́un, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so mọ́ dísítíríbútọ̀ rẹ̀, tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kí iná púlọ́ọ̀gì tètè ṣẹ́. Ìwọ lo ń gbé àwo fún gbogbo wọn. Nígbà tí o ń gbé e, ta ló bi ọ́ pé báwo ni? Ọjọ́ tí o yọ lẹ́nu páìpù ni wọ́n fi ọ́ joyè.

A-gba-ẹ̀yìnkùlé-wọlé!
Sẹ́ńsọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà, ó ń ka àlejò,
ó kọ orúkọ, ó kọ iye,
ìwọ ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, o ń kó mo-gbọ́-mo-yà wọlé.
Àṣè dé, oúnjẹ ò ká wọn,
wọ́n ní alásè ni kò mọ iṣẹ́.

Alásè náà ni brain box, kọ̀ńpútà ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ bá kà ló fi ń wọn epo: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n bẹntiróòlù 1. Èyí tó gba ọ̀dọ̀ rẹ wọlé kò sí nínú ìwé, epo kò kárí rẹ̀, iná inú sílíńdà ń tàn, ó ń kú. Sẹ́ńsọ̀ kejì tó wà lára sàlẹ́ńsà á figbe ta pé ọ́síjìn pọ̀jù nínú èéfín. Brain box á bu epo kún un, á tún bù ú kún un. Nígbà tó bá dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, á tan iná aláwọ̀ ọsàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ síkáànì dé, ó kọ P0171: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹ ò rí ọgbọ́n ọba! Wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, wọn ò kọ orúkọ ẹni tó dá a.

"Alhaja, kọ́ìlì ni," ni mẹkáníìkì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Alhaja ra kọ́ìlì mẹ́rin. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó di púlọ́ọ̀gì, ó di fífọ nọ́súlù, ó di pọ́ǹpù epo, wọ́n wá ń wo brain box fúnra rẹ̀ lójú ìkà. Ìwọ ń sọ "ṣíì" lẹ́yìn mánífóòlù. Tí Alhaja bá ní kí wọ́n wa ọkọ̀ wò, wọ́n á gbé e sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn, á máa lọ geere, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá tẹná, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà gidi wọlé pọ̀ débi pé tìrẹ kò jọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó di Bẹ́ẹ̀gà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí sìló tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè sọ̀kalẹ̀. Mẹkáníìkì ti sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà yẹn.

A-dánwò-yege!
Ẹlẹ́jọ́ tí kò ṣe nǹkan kan lójú adájọ́.
Ọkùnrin ojú títì, abínú ojú go-slow!

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kan wà, èyí tó sanra, tó lọ sí búsítà búrẹ́èkì. Èmi kì í bá ìyẹn ṣeré. Bí ó bá yọ, pẹ́dàlì á le gbandi, ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ni yóò ku láti dá ọkọ̀ dúró. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi bóòtù dí ojú páìpù rẹ̀. Sìló á rọlẹ̀ wẹ́rẹ́, oníbàárà á sanwó, á sì wa ọkọ̀ tí búrẹ́èkì rẹ̀ ti di ẹrù lọ sílé. Ẹni tó bá dí i bẹ́ẹ̀, kí oyè jẹ́ tirẹ̀. Èmi ò ní kì í.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń rọ ọ́ lóyè, mo mọ̀ wọ́n. Wọn kì í kọ́kọ́ náwó. Wọ́n á ka àwòrán họ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá ẹnu páìpù tó wà ní ìhòòhò, tí àmì yíká wà lára rẹ̀ níbi tí rọ́bà gbé dì í mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ti rọ́bà gígùn kan bọ etí, wọ́n á máa fi orí kejì rẹ̀ dọdẹ kiri, wọn ò ní jẹ́ kó kan bẹ́líìtì tàbí fáànù. Wọ́n á fín omi ọṣẹ sí ọ lẹ́nu; bí o bá gbé e mì, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ á fẹ́ èéfín sínú mánífóòlù, èéfín á sì jáde láàfin rẹ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń bi ara wọn pé ta ló ṣí ilé fílítà gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wolẹ̀.

Họ́ọ̀sì ọmọ Rọ́bà, ooru ti sọ etí rẹ di gbígbẹ.
Ọ̀bẹ dé, ó gé ọ létí ní ìwọ̀n èékánná.
Ọwọ́ dúdú tó kún fún gíríìsì tì ọ́ padà sórí ìtẹ́,
kílíìpù di adé.
Sìló sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí ìyípo 700 ní ìṣẹ́jú kan, ó dúró.

Kọ́ìlì mẹ́rin tí wọ́n yọ wà nínú bùùtù Alhaja. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó wá ná an.