Ọ̀gá Àwọn Tó Ń Dúró ní Slip, Egan Níbí Ló Ń Gbé

Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn súnmọ́ ibí, kí ẹ jókòó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń dúró sí.

Ọmọkùnrin yàrá kẹta yẹn, èyí tó ga bí òpó iná, òun ló kó bá mi. Bó bá ti di Sátidé, á wọ funfun láti òkè délẹ̀, á gbé báàgì gígùn kan kọ́ èjìká. Ìyá Sùrá ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ. Mo ní aláṣọ funfun wo ló ń wọ bàtà? Ta ló sì ń gbé pákó lọ sí ìsìn? Mo bá dá a dúró lẹ́nu géètì. Ó ní, "Mọ̀mí, kíríkẹ́ẹ̀tì ni mo ń lọ gbá ní TBS." Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé kó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Fóònù ní ìrẹ̀. Háà! Láti Egan dé Ìgándò, Ìgándò dé Ọ̀ṣọ́dì, Ọ̀ṣọ́dì dé Èkó, nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ yẹn, nítorí ìrẹ̀? Èyí tó ń ké lẹ́yìn kọ̀tà wa lálaalẹ́ kò tó o ni?

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé báàgì sílẹ̀. TBS tó wí, ibẹ̀ náà ni ibi ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje tí mo máa ń rí bí mo bá ń lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà. Pápá ìsáré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ ní 1960. Ó ní ará Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré náà, pé ní 1904 ni Èkó ti bá àwọn Gold Coast gbá a. 1904! Ẹni tó máa bí bàbá mi kò tíì gbéyàwó.

Mo ní, níbo wá ni ìwọ máa ń dúró sí? Ó ní, "Slip ni, Mọ̀mí." Ojú mi ti lọ sí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ní tèmi o, slip ni ṣíìmí tí a ń wọ̀ sábẹ́ léèsì kí ìdí má baà hàn.

Ó mú ìgbálẹ̀ mi, ó fi ṣe pákó, ó ń ṣàlàyé. Ẹnì kan di pákó mú, ẹnì kan ń sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ikùn pákó, ó dáa. Àmọ́ nígbà mìíràn, etí pákó lásán ló máa kàn, á wá yà bàrá sẹ́yìn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn onípákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́, àwọn ni slip. Àwọn fúnra wọn kò wọ ìbọ̀wọ́ kankan. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún le bí ekùrọ́, awọ ni wọ́n fi bò ó, kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 160 lọ, àmọ́ ẹlòmíràn lè jù ú ní kìlómítà 140 láàárín wákàtí kan. Kí o tó pe "Jésù" tán, ó ti dé àyà rẹ. Bí o bá hán an kó tó balẹ̀, onípákó á gba ilé lọ.

Èyí tó wá mú mi di ìyàwó kíríkẹ́ẹ̀tì nìyí: ó ní nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Test, tó ń gba ọjọ́ márùn-ún, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí nǹkan kan má wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa wá.

Mo ní, dúró ná. O wà lẹ́yìn. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. O ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. O ń retí ohun tó máa fi etí kan nǹkan kó sì fò jáde. Ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe nínú kọ̀m̀páàǹdù yìí láti ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn! Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ bó ṣe máa rí bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, tó la ọwọ́ méjèèjì dè é.

Láti ọjọ́ náà, dátà mi kò pẹ́ mọ́. Rahul Dravid ará Íńdíà hán 210 nínú Test 164. Ẹ mọ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sọ ọ́? Ògiri. Ògiri sì létí, àbí mo parọ́? Ní oṣù keje 2025, Joe Root ará Ìlú Ọba kọjá rẹ̀ ní pápá Lord's. Mark Waugh ará Ọsirélíà hán 181, mo sì ti wo fídíò rẹ̀ títí ojú fi ń dùn mí: bí ẹni tó ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló ṣe ń mú un, kò kánjú, kò fò sókè lásán. Mahela Jayawardene àti Muralitharan ará Sri Lanka ní tiwọn, méjèèjì bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ìgbà 77 ni Murali jù ú tí Mahela hán an. Bí èmi àti ìyàwó Alhaji láńlọ́ọ̀dù ló rí. Òun ń sọ, èmi ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò dáadáa. Bobby Simpson, ará Ọsirélíà àtijọ́, hán 110 nínú Test 62 péré. Ẹ pín in. Kò sí ẹni tí mo dárúkọ lókè yìí tó tó o. Òun ni mo mú. Ìyá Sùrá máa ń fọ́nnu pé ogún ọdún lòun ti wà nínú ilé yìí, mo sì máa ń bi í pé, mélòó lo hán?

Àmọ́ ẹ má tíì jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Sùrá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Leeds. Ní 1997, Ìlú Ọba ń bá Ọsirélíà ṣe é níbẹ̀, ní pápá Headingley. Ọkùnrin Ìlú Ọba kan, Mike Smith, ń ju bọ́ọ̀lù nínú Test rẹ̀ àkọ́kọ́. Matthew Elliott ará Ọsirélíà ló di pákó mú, ayò 29 ló ní. Bọ́ọ̀lù kan etí pákó rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Graham Thorpe ní slip àkọ́kọ́. Wẹ́rẹ́ báyìí ló lọ. Thorpe, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, àmọ́ ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Elliott gbá a dé 199 kí wọ́n tó lé e. Smith kò rí ẹnì kan ṣoṣo lé jáde títí ìdíje náà fi parí, wọn ò sì pè é sí Test mìíràn mọ́ láéláé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló yọ̀, iṣẹ́ tìrẹ ló lọ.

Ó wá ku ti Ìyá Sùrá. Ìrọ̀lẹ́ Sunday kan, Alhaji wà lórí fóònù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Sùrá wà nídìí táǹkì omi, ó ń pọnmi. Ọ̀rọ̀ owó ilé bọ́ lẹ́nu Alhaji, ó fò tààrà lọ bá a, gíga ìbàdí, ọmọ ọlọ́dún méjì á hán an! TikTok ló ń wò. Nígbà tí lẹ́tà dé ní Monday pé ìdajì ti gorí owó ilé, kò sẹ́ni tó ti wá ibòmíràn, kò sẹ́ni tó ti wá owó. Mo wà níbi ìsìnkú ní Ìkòròdú, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yàrá kẹta ní ọwọ́ rírọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, jẹ́ kí ọwọ́ bá a lọ sẹ́yìn díẹ̀. Bí o bá gan ọwọ́, á ta padà. Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bí o bá yára ní "Kí lo wí?", ó ti lọ. "Hẹn-ẹn" ni kí o wí, kí o máa ṣa ẹ̀wà rẹ lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé slip ti ń tán lọ. Nínú eré kúkúrú òde òní, àwọn ọ̀gá ikọ̀ kì í sábà fi ẹnì kan síbẹ̀ pẹ́, ayò ni wọ́n ń lé kiri. Mo gbà, eré kúkúrú náà ló fún wa láyọ̀ ní January 2025, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọdún 19 na New Zealand ní Màléṣíà, 65 sí 63. Mo pariwo débi pé gáàrí dà nù. Àmọ́ ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ láti ibí dé Ìgándò: self-contain, self-contain, ìdáná kálukú nínú yàrá kálukú, àlùmíníọ̀mù lójú fèrèsé. Níbo lèèyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí?

Ẹ gbọ́ ná. Fóònù Alhaji ló ń dún yẹn. NEPA sì ti múná lọ, kò lè ti fèrèsé. Ẹ bá mi gbé àwo ẹ̀wà yẹn wá, kí ẹ sì dákẹ́.